ASẸ́ INÚ Ẹ́ŃJÌNÌ: BÍ A ṢE Ń MỌ ÈYÍ TÍ Ó DÁRA, ÀTI BÍ A ṢE Ń MỌ ÈYÍ TÍ Ó TI YÍ PADÀ

Ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín yóò wo àkọlé yìí, yóò sì máa bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni ó kan ọmọ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì. Èmi náà ti bi ara mi bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi ni mo jìn sí kòtò. Ẹ̀yin ni ará yòókù. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi ká a.

Bí Ọ̀rọ̀ Náà Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 2022, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, da iṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ní Agége ni mo lọ gbé. Mẹkáníìkì ni wọ́n. Iṣẹ́ wọn kò mọ sórí ọkọ̀ nìkan. Wọn a máa tún jẹnẹrétọ̀ ṣe fún àwọn oníṣẹ́ kéékèèké láti Ọ̀gbà títí dé Ìyànà Ìpájà.

Ẹni tí ó bá mọ àdúgbò náà yóò mọ̀ pé ẹ́ńjìnì ni ọkàn rẹ̀. Ìkẹjà ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé àtijọ́ ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ sí fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá, kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1967. Láti òpópónà Ọba Akran dé Agídíngbì àti Ọ̀gbà, ilé-iṣẹ́ ni ó kún ibẹ̀. Àwọn kan ṣì wà. Àwọn mìíràn ti kógbá wọlé. Dunlop tí ó ń ṣe táyà ní Ìkẹjà dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní ọdún 2008. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣì wà àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó yí i ká, gbogbo wọn ni ó gbára lé ẹ́ńjìnì: ọkọ̀ akẹ́rù, ọkọ̀ dáńfó, àti jẹnẹrétọ̀ tí ń ké tọ̀sán-tòru.

Ní ọjọ́ kan, Bàbá (bí mo ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi yìí nìyẹn) rán mi lọ ra fíltà ọ́ìlì fún jẹnẹrétọ̀ obìnrin kan tí ń ṣe búrẹ́dì. Wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé fún mi, wọ́n sì sọ ìsọ̀ tí n ó ti rà á. Nígbà tí mo dé ọjà, ẹlòmíràn pè mí, ó ní òun ní irú rẹ̀ ní iye tí kò ju ìlàjì lọ. Páálí kan náà, àwọ̀ kan náà, nọ́ńbà kan náà. Mo rà á. N kò dá ṣẹ́ńjì padà fún Bàbá. Mo fi ra dátà sórí fóònù mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò tíì pé tí jẹnẹrétọ̀ náà fi han gooro ní òru, tí ó sì dákẹ́. Iná kú, ẹ̀rọ tí ń po ìyẹ̀fun dúró, ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò sì kan mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, obìnrin yìí kò rí búrẹ́dì fún àwọn tí ń bá a kiri. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni a fi tú ẹ́ńjìnì náà palẹ̀. Bàbá ni ó san owó bíárìn tuntun àti owó iṣẹ́ tí a ṣe sí kíránkì, nítorí wọ́n ní ẹ̀bi àwọn ni.

Wọn kò nà mí, wọn kò sì bú mi. Wọ́n kàn tú fíltà náà, wọ́n fi fáìsì dì í mú, wọ́n sì fi ayùn irin gé e lórí. Wọ́n kó ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ níwájú mi. "Ìwọ ọmọ yunifásítì," ni wọ́n wí, "ìwé rèé o. Kà á fún mi." N kò rí nǹkan kan kà. Ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ pín fún yín yìí.

Kí Ni Iṣẹ́ Asẹ́ Yìí?

Kí á tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí á yanjú ọ̀rọ̀ kan. Bí a bá ní "epo" ní Èkó, bẹntiróòlù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò rò. Nítorí náà, ohun tí a ń dà sínú ẹ́ńjìnì kí irin má baà máa ha irin, ọ́ìlì ni n ó máa pè é, bí àwọn mẹkáníìkì ti ń pè é. Fíltà ni wọ́n ń pe ohun tí ń mú ìdọ̀tí kúrò nínú rẹ̀. Lójú tèmi, asẹ́ ni. Àwọn ìyá wa kì í jọ ògì, sísẹ́ ni wọ́n ń sẹ́ ẹ. Èlùbọ́ tí ó gbẹ ni à ń jọ̀. Ohun tí ó bá lómi nínú, asẹ́ ni ó tọ́ sí.

Bí ẹ́ńjìnì ti ń ṣiṣẹ́, irin inú rẹ̀ a máa jẹ díẹ̀díẹ̀, èéfín iná a máa wọ inú ọ́ìlì, eruku náà a sì máa bá wọn pé jọ. Bí èérí wọ̀nyí bá ń bá ọ́ìlì yí kiri, wọn a máa yọ́ bíárìn jẹ bí ẹni fi iyanrìn bọ irin. Èérí tí mo ń sọ yìí kì í ṣe ohun tí ojú lásán ń rí. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni máíkírọ́ọ̀nù kan. Irun orí ènìyàn nípọn tó nǹkan bíi 70 máíkírọ́ọ̀nù. Ṣùgbọ́n asẹ́ gidi ní láti lè mú púpọ̀ nínú èérí tí kò ju 20 tàbí 30 máíkírọ́ọ̀nù lọ.

Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ àtètèkọ́ṣe kò ní irú asẹ́ báyìí. Ní ọdún 1923, ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Ernest Sweetland, pẹ̀lú ẹnì kejì rẹ̀ George Greenhalgh, ṣe ọ̀kan tí wọ́n sọ ní Purolator. Ní ọdún 1954, ilé-iṣẹ́ WIX gbé irú èyí tí a fi ọwọ́ yí mọ́ ẹ́ńjìnì jáde. Òun ni agolo kékeré tí gbogbo wa mọ̀ lónìí. Ní báyìí, àwọn ọkọ̀ mìíràn ti pa agolo tì. Toyota Corolla tí a ṣe fún ọdún 2009 àti lẹ́yìn rẹ̀, fún àpẹẹrẹ, púpọ̀ nínú wọn ni ó jẹ́ pé ìwé asẹ́ nìkan ni a ń pààrọ̀. Ilé rẹ̀ dúró sí ara ẹ́ńjìnì.

Ohun Tí Ó Wà Nínú Agolo

Ẹ wá bá mi wo inú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Bàbá ti fi hàn mí.

Ní ìsàlẹ̀ agolo ni irin pẹlẹbẹ tí ó nípọn wà. Ihò kéékèèké yí i ká. Ibẹ̀ ni ọ́ìlì tí ó dọ̀tí ń gbà wọlé. Ihò ńlá kan wà láàárín tí a gbẹ́ tírẹ́ẹ̀dì sí. Ibẹ̀ ni ọ́ìlì tí a ti sẹ́ ń gbà padà sínú ẹ́ńjìnì. Rọ́bà kan yí etí rẹ̀ po kí ọ́ìlì má baà jò.

Nínú agolo ni ìwé asẹ́ wà. Wọ́n ṣẹ́ ẹ po ní ìṣẹ́po-ìṣẹ́po bí abẹ̀bẹ̀, wọ́n sì ká a yí ọ̀pá onihò kan po. Ìdí tí wọ́n fi ṣẹ́ ẹ po ni pé kí ìwé tí ó gùn lè gba inú agolo kékeré. Òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi irin tàbí páálí tí ó le dé, wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́.

Rọ́bà pẹlẹbẹ kan tún wà tí ó bo àwọn ihò kéékèèké náà láti inú. Rọ́bà adènà ni mo sọ ọ́. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, ọ́ìlì a ti rọ́bà náà, a sì wọlé. Bí ẹ́ńjìnì bá kú, rọ́bà a padé, kí ọ́ìlì má baà ṣàn padà. Bí rọ́bà yìí bá gan, agolo a ṣófo. Nígbà tí a bá tún ta iná sí ẹ́ńjìnì, irin yóò máa ha irin fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí ọ́ìlì tó dé òkè. Ariwo kọ́lọ́kọ́lọ́ tí ẹ ń gbọ́ láàárọ̀ nìyẹn. Ẹ rò ó wò: jẹnẹrétọ̀ tí à ń pa tí à ń tàn ní ìgbà márùn-ún lójúmọ́ nítorí àwọn oníná, ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni irin rẹ̀ yóò máa ha ara lójúmọ́ bí rọ́bà adènà kò bá dára.

Èyí tí ó kẹ́yìn ni fáàfù tí mo sọ ní fáàfù ẹ̀bùrú. Bí èérí bá dí ìwé asẹ́, tàbí bí ọ́ìlì bá ki jù nígbà tí ara rẹ̀ kò tíì yá, fáàfù yìí a ṣí, ọ́ìlì a sì gba ẹ̀bùrú lọ sínú ẹ́ńjìnì láìjẹ́ pé a sẹ́ ẹ. Ọ́ìlì tí ó dọ̀tí sàn ju àìsí ọ́ìlì lọ. Ṣùgbọ́n bí sípíríǹgì fáàfù náà bá rọ̀ jù, gbogbo ìgbà ni yóò máa ṣí sílẹ̀. Ìwé asẹ́ wà níbẹ̀ bí àwòrán lásán. Bí ó bá sì le jù, ẹ́ńjìnì lè wá ọ́ìlì tì. Àwọn ẹ́ńjìnì kan wà tí fáàfù yìí wà lára àwọn fúnra wọn, tí kò sí nínú fíltà rárá. Ìdí nìyí tí kò fi dára kí á fi ojú lásán pààrọ̀ fíltà kan fún òmíràn.

Nínú èyí tí mo rà, gọ́ọ̀mù ti jẹrà, ìwé ti já kúrò lára páálí, ẹrẹ́jẹ́ ìwé sì ti bá ọ́ìlì lọ dí ojú ọ̀nà bíárìn. Rọ́bà adènà le gan-an bí èèpo àgbọn. Ohun tí ó pa ẹ́ńjìnì obìnrin oníbúrẹ́dì nìyẹn. Fíltà náà gan-an ni ó pa ohun tí a ní kí ó máa ṣọ́.

Bí A Ṣe Ń Yan Èyí Tí Ó Dára

Ní Agége, nígbà tí obì gbàǹja jẹ́ òwò ńlá níbẹ̀, oníṣòwò kì í fi dídán ara obì rà á, nítorí kòkòrò lè ti wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fíltà rí. Àwọn ohun tí Bàbá kọ́ mi láti máa wò nìyí:

Ẹ̀kíní, nọ́ńbà ni kí á fi rà á, kì í ṣe ojú. Fíltà méjì lè jọ ara bí ìbejì kí tírẹ́ẹ̀dì wọn má rí bákan náà. Tírẹ́ẹ̀dì fíltà ọ̀pọ̀lọpọ̀ Toyota jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínṣì, èyí tí ó jẹ́ mìlímítà 19.05. Ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ Honda jẹ́ mìlímítà 20. Bí a bá yí èyí tí ó fẹ̀ mọ́ èyí tí kò fẹ̀, ó lè dà bí ẹni pé ó wọlé, ṣùgbọ́n kò ní dì í mú dáadáa. Ó lè fò yọ lójú ọ̀nà, kí gbogbo ọ́ìlì sì dà nù.

Ẹ̀kejì, kí á gbé tuntun àti èyí tí a mọ̀ sí ọwọ́ méjèèjì. Ayédèrú sábà máa ń fúyẹ́, nítorí irin rẹ̀ fẹ́lẹ́, ìwé rẹ̀ kò sì pọ̀. Èyí tí mo rà fúyẹ́. Mo rántí pé mo mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n n kò kà á sí.

Ẹ̀kẹta, kí á tan iná tọ́ọ̀ṣì sí ihò rẹ̀. Ṣé tírẹ́ẹ̀dì mọ́ tónítóní, kò sí irin tí ó ṣẹ́ kù níbẹ̀? Ṣé ọ̀pá àárín dúró ṣánṣán? Kí á fi igi kékeré tí ó mọ́ ti rọ́bà adènà láti ojú ihò kéékèèké. Ó yẹ kí ó rọ̀, kí ó sì padà sí àyè rẹ̀. Oríṣi rọ́bà méjì ni ó wọ́pọ̀: nitrile, tí ó sábà máa ń dúdú, àti silicone, tí ó sábà máa ń pupa tàbí kí ó ní àwọ̀ ọsàn. Silicone a máa fara da ooru jù, kì í sì í tètè gan. Ṣùgbọ́n kí á má fi àwọ̀ nìkan ṣe ìdájọ́, nítorí aró wà lọ́jà.

Ẹ̀kẹrin, kí á ka ohun tí a kọ. Nọ́ńbà ara páálí àti ti ara agolo gbọ́dọ̀ bára mu. Kí á wo orúkọ ìlú tí wọ́n ti ṣe é, kí á sì wo bí lẹ́tà rẹ̀ ti rí. Ayédèrú púpọ̀ ni àṣìkọ ń tú àṣírí rẹ̀. Ní ibi tí ó dé yìí, ọmọ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ èdè ní ojú tí mẹkáníìkì lè máà ní.

Ẹ̀karùn-ún, kí á rà á lọ́wọ́ ẹni tí ó lè kọ rìsíìtì fún wa. Àjọ tí ń ṣọ́ ìwọ̀n àti ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, ìyẹn SON, ti bẹ̀rẹ̀ ètò SONCAP láti ọdún 2005 kí a lè máa yẹ ọjà òkèèrè wò kí ó tó wọlé. Òfin ọdún 2015 sì tún fún àjọ náà lágbára sí i. Ṣùgbọ́n òfin kì í bá ènìyàn lọ sọ́jà. Ojú ẹni ni ó ń báni lọ. Pàápàá láti oṣù kẹfà ọdún 2023, tí owó náírà ti já wálẹ̀ tí gbogbo ọjà òkèèrè sì wọ́n, ohun pọ́ọ́kú ti di ohun tí ń tan ènìyàn jẹ. Mo ti rí ẹni tí ó fi bẹntiróòlù fọ ògbólógbòó fíltà kí ó lè tún un lò. Ìwé asẹ́ kì í ṣe aṣọ; bí a bá fọ̀ ọ́, èérí tí ó ti jìn sínú rẹ̀ kò ní jáde.

Bí a bá fẹ́ dè é mọ́ ẹ́ńjìnì, kí á rí i dájú pé rọ́bà ti àtijọ́ kò lẹ̀ mọ́ ojú irin. Kí á fi ọ́ìlì díẹ̀ pa rọ́bà tuntun. Kí á fi ọwọ́ yí i títí tí rọ́bà yóò fi kan irin, kí á sì tún yí i tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyípo kan. Sípánà kò sí níbẹ̀.

Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Nígbà Tí Wọ́n Bá Yí I Padà

Èyí gan-an ni ó jinlẹ̀ jù. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo ti rò pé mo ti mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú ni Bàbá tó fi pákó kan hàn mí lẹ́yìn ìsọ̀ wọn. Wọ́n kan ìṣó sí i, wọ́n sì so fíltà tí wọ́n ti gé sórí ìṣó kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi ọ̀dà kọ oṣù àti ọdún sí i. Wọ́n mú méjì níbẹ̀: orúkọ kan náà, nọ́ńbà kan náà, ọwọ́ oníṣòwò kan náà tí wọ́n fọkàn tán ni wọ́n ti rà wọ́n. Mo ka ìṣẹ́po ìwé inú wọn. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ 58, ti èkejì jẹ́ 46. Ìdérí ìwé ti àkọ́kọ́ jẹ́ irin, ti èkejì jẹ́ páálí. Orúkọ ìlú tí wọ́n kọ sí ara páálí wọn kò sì jọra.

Mo pariwo pé ayédèrú ni èkejì. Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Rárá o. Ojúlówó ni méjèèjì. Ilé-iṣẹ́ náà ni ó yí ọwọ́ padà."

Ìdí tí ilé-iṣẹ́ fi ń yí ọwọ́ padà pọ̀. Wọ́n lè kó iṣẹ́ lọ sí ìlú tí owó iṣẹ́ ti dínkù. Ilé-iṣẹ́ kan lè máa ṣe fíltà fún orúkọ mẹ́ta, mẹ́rin. Ilé-iṣẹ́ lè bọ́ sọ́wọ́ olówó mìíràn, bí Fram ti kúrò lọ́wọ́ Honeywell bọ́ sọ́wọ́ Rank Group ní ọdún 2011. Wọ́n sì lè rí ohun èlò tuntun tí ó dára jù. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ìyípadà ni ó jẹ́ ìfàsẹ́yìn. Òwú àtọwọ́dá tí wọ́n ń lò nísinsìnyí lè mú èérí púpọ̀ ju ìwé lásán lọ pẹ̀lú ìṣẹ́po tí kò tó nǹkan. Páálí náà kì í ṣe àmì ayédèrú. Ó pẹ́ tí Fram ti ń lo ìdérí páálí nínú fíltà rẹ̀ aláwọ̀ ọsàn.

Kí ni a ó wá fi ṣe ìdájọ́? Ìdánwò kan wà tí gbogbo ayé mọ̀, ISO 4548-12 ni wọ́n ń pè é. Òun ni wọ́n fi ń wọn iye èérí tí asẹ́ lè mú, àti bí èérí náà ti kéré tó. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá kọ ọ́ pé asẹ́ òun ń mú 99 nínú 100 èérí tí ó tó 20 máíkírọ́ọ̀nù, ọ̀rọ̀ tí ó ṣeé dì mú nìyẹn. Bí ó bá kàn kọ ọ́ pé "ó dára jù lọ", oríkì ni ó ń ki ara rẹ̀.

Àmọ́, ẹni tí kò bá ní ilé ìdánwò lè ṣe bíi ti Bàbá: kí ó máa gé ògbólógbòó kí ó tó sọ ọ́ nù, kí ó máa ka ìṣẹ́po, kí ó máa wo rọ́bà àti gọ́ọ̀mù, kí ó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ìwé bá dúró digbí lẹ́yìn iṣẹ́, tí rọ́bà sì ṣì rọ̀, ìyípadà náà kò burú. Bí ìwé bá ti ya tàbí tí gọ́ọ̀mù ti jẹrà, kí á wá òmíràn lọ, bí ó ti wù kí orúkọ náà lókìkí tó. Orúkọ a máa dúró kí ohun tí ó wà nínú agolo ti yí padà.

Iṣẹ́ Tí Ó Kù Fún Wa

Àwọn ọmọ iṣẹ́ márùn-ún ni ó wà lọ́dọ̀ Bàbá nígbà náà. Mẹ́ta nínú wọn lè ka Yorùbá, ṣùgbọ́n ìwé òyìnbó kò yé wọn tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìlànà tí ó wà lára páálí fíltà, òyìnbó ni. A ń sọ ní kíláàsì pé èdè Yorùbá lè gbé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, a sì ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ tuntun tí ó yẹ kí á dá. Àwọn tí ó nílò ọ̀rọ̀ náà wà ní ìsọ̀, ọ́ìlì wà lọ́wọ́ wọn, wọn kò sì mọ̀ pé à ń jiyàn.

Mo kọ ohun tí mo kọ́ sí ojú ìwé kan ṣoṣo ní Yorùbá, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ìsọ̀ Bàbá. Wọ́n pa "rọ́bà adènà" àti "fáàfù ẹ̀bùrú" mọ́. Wọ́n fi "asẹ́" rẹ́rìn-ín, wọ́n ní fíltà ni àwọn mọ̀. Mo gbà fún wọn. Mo rò pé ẹgbẹ́ wa lè ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn, bí a bá lè lọ jókòó ti àwọn tí ń ṣe é.

Ní ti ṣẹ́ńjì tí mo jẹ, mo ti jẹ́wọ́ fún Bàbá, mo sì ti bẹ obìnrin oníbúrẹ́dì náà. Ó dárí jì mí, ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò béèrè pé, "Ṣé o ti gé e wò?" Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà máa béèrè nìyẹn.